Ta Ló Ta Ọ̀nà Ẹ̀bùrú fún Òyìnbó?

Ní ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Keje ọdún 2024, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn, mo ń dúró kó kàn mí. Tẹlifíṣọ̀n ara ògiri ń fi ìdíje Òlíńpíìkì ti ilẹ̀ Faransé hàn. Àwọn obìnrin ló ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere nínú igbó, lórí òkè Élancourt lẹ́bàá ìlú Paris. Wọ́n ń gba àárín igi kọjá, wọ́n ń já ṣòòròṣò láti orí àpáta, eruku ń sọ lẹ́yìn wọn. Pauline Ferrand-Prévot, ọmọ onílẹ̀, ló gba wúrà. Kó tó dé òpin eré rárá ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti dájọ́. "Eré òyìnbó nìyẹn." "Ẹni tí ebi ò pa ló ń gun kẹ̀kẹ́ wọgbó." "Bí dúdú bá dán an wò, Arò ni wọ́n á gbé e lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yí i sí bọ́ọ̀lù.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ ní Bẹẹrẹ, mo ti gbọ́ ọ ní Ọjà'ba, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ tó ń gbé mi lọ sí Mọ́lété. Gbogbo wọn ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé àkọ́sórí, kò sí ẹni tó ń dúró bi í léèrè ibi tó ti wá. Mo fẹ́ bi í léèrè lónìí.

Àmọ́ kí n tó bi í, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí àwọn tó gbà á gbọ́ ṣe ń sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi ọ̀rọ̀ sí àwọn lẹ́nu. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ológeere, ohun tí àwọn bàbá wa fi jìyà ni. Wọ́n gùn ún kí ọmọ wọn lè kàwé, kí ọmọ náà lè fi ọ̀yẹ́ inú mọ́tò tura. Ọmọ tó bá wá padà sórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ti tàbùkù làálàá òbí rẹ̀. Wọ́n ní igbó kì í ṣe pápá ìṣeré. Àgbẹ̀ ń lọ síbẹ̀, ọdẹ ń lọ síbẹ̀, ẹni tó ń já ewé ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ torí kó lè dùn mọ́ ọn. Ejò wà níbẹ̀, ajínigbé sì ti kún un báyìí. Wọ́n ní òyìnbó ti jẹun yó, ó ti rí ọ̀nà tó dára, ọ̀nà náà ti sú u, ló fi ń wá èyí tí kò dára kiri. Àwa tí a kò tíì rí èyí tó dára, kí ló kàn wá?

Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Òmùgọ̀ kọ́ ló ń sọ ọ́. Bàbá tó ti fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ láti Ìdí-Ayùnrẹ́ wọ Ìbàdàn nínú òjò ní ẹ̀tọ́ láti má fẹ́ rí kẹ̀kẹ́ sójú mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àárẹ̀ rẹ̀. Ohun tí n kò ní gbà ni kí a sọ àárẹ̀ di ìtàn, kí a sì fi ìtàn náà gba ogún ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ti "eré òyìnbó" yẹn ṣáájú, torí òun ni ìpìlẹ̀ irọ́ náà. Ìgbà wo gan-an ni òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ ṣeré lórí òkè? Ní ìpínlẹ̀ California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní agbègbè Marin, àwọn ọ̀dọ́ kan kó ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ tí àwọn èèyàn ti pa tì, wọ́n gbé wọn gun òkè Tamalpais, wọ́n sì ń gùn wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku. Ní 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í díje. Bíréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ náà, èyí tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn, máa ń gbóná títí gírísì inú rẹ̀ yóò fi di èéfín, wọ́n á sì tún gírísì mìíràn dì sí i bí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe eré náà ní Repack. Láti ibẹ̀ ló ti ràn dé Faransé. Ní 1984 ni ìdíje Roc d'Azur bẹ̀rẹ̀ létí òkun gúúsù ibẹ̀. Ní 1996, ní Atlanta, ni Òlíńpíìkì tó gbà á wọlé. Gbogbo ọjọ́ orí eré tí à ń pè ní ìwà òyìnbó yìí kò ju nǹkan bí ọdún 50 lọ. Mo mọ àwọn aṣọ òkè tó dàgbà jù ú lọ nínú àpótí ìyá mi.

Nígbà tí àwọn ọmọ California ń kó kẹ̀kẹ́ wọn gun òkè, ta ló wà lójú ọ̀nà oko wa níbí? Adẹ́mu ni.

Ẹ rántí adẹ́mu. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere ló ti ń bọ̀ láti inú igbó. Kèrègbè mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́fà, ló so mọ́ ara kẹ̀kẹ́ Raleigh, ẹmu ń hó lẹ́nu wọn, igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ wà léjìká rẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ méjì lọ. Gbòǹgbò igi yọ sókè níbẹ̀ bí iṣan ọwọ́ arúgbó, àgbàrá òjò àná ti wa ojú ọ̀nà sí kòtò, ewé kòkó tó jábọ́ ń yọ̀ bí ilá. Kẹ̀kẹ́ náà kò ní jíà. Irin ni látòkè délẹ̀, bíréèkì rẹ̀ sì máa ń sùn bí omi bá ti kàn án. Bí kèrègbè kan bá fọ́, èrè ọjọ́ yẹn ti dà sílẹ̀. Ó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó ń lọ sódò. Ó gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó, ó fì sẹ́yìn, ó jẹ́ kí apá rẹ̀ rọ̀, ó sì jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa wá ọ̀nà rẹ̀ lábẹ́ òun. Bó dé etí odò, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé e kọjá, ó tún gùn ún. Ní agogo méje ó ti dé ìgboro, ẹmu kò dà.

Ẹ̀yin tí ẹ wo tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn, ẹ dá mi lóhùn: kí ni ẹ rí tí adẹ́mu kò ṣe? Ohun tí àwọn obìnrin yẹn ń ṣe lórí kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ bí ìyẹ́, tó ní ohun tó ń gba ìjanilára níwájú àti lẹ́yìn, ni adẹ́mu ń ṣe lórí irin tútù pẹ̀lú ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, láìsí akoto lórí, láìsí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́. Òun nìkan sì kọ́. Wolé-wolé gun kẹ̀kẹ́ wọ abúlé. Akéde ìyìn rere gun kẹ̀kẹ́ wọ abúlé. Tíṣà gun kẹ̀kẹ́ wọ abúlé. Bàbá bàbá mi, Ìjẹ̀bú tó wá tẹ̀dó sí Òkè-Àdó bíi ti ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa, gun kẹ̀kẹ́ láti abà dé abà lọ́nà Ìjẹ̀bú, ó ń ra kòkó. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi kọ́ bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn nínú igbó: "Má wo táyà, ọ̀nà ni kó o wò." Ẹ lọ bá àwọn tó ń kọ́ni ní kẹ̀kẹ́ orí òkè nílẹ̀ Faransé lónìí, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún yín: gbé ojú kúrò ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, wo iwájú. Ta ló kọ́ bàbá àgbà? Kò gun òkè Tamalpais rí, kò rí Paris rí. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ló kọ́ ọ.

Wọ́n á ní òyìnbó ló ṣe kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ní Nottingham ni wọ́n ti ṣe Raleigh. Òyìnbó náà ló kó bọ́ọ̀lù wá. Ta ló ń pe bọ́ọ̀lù ní eré òyìnbó ní Ìbàdàn? Ní ọdún 1976 yẹn kan náà ni IICC Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa, gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, tí ìgboro sì kún fún ijó. Kò sí ẹni tó ní kí a dá ife náà padà fún àwọn tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí ènìyàn bá ti fi ara rẹ̀ mọ̀ títí tó fi kọ́ ọmọ rẹ̀, tirẹ̀ ni.

Ó wá ku ti òṣì, èyí tó wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun òṣì nígbà tó dé. Àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ ń gba owó láísẹ́ǹsì lórí rẹ̀. Ta ló ń gbowó lórí òṣì? Ọkùnrin tó bá gun Raleigh tuntun wọ abúlé, àwọn òbí ọmọbìnrin á gbọ́ agogo rẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Ẹni tí kò ní tirẹ̀ ń háyà, ọmọdé ń ki ẹsẹ̀ gba abẹ́ irin torí pé kò tíì ga tó ìjókòó. Níbo ni ìtìjú ti wá wọlé? Ó ní ọdún tó wọlé. Epo rọ̀bì di owó. Ní 1975, owó Udoji jáde, òṣìṣẹ́ ìjọba gba àfikún àti àjẹsílẹ̀ owó oṣù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, alùpùpù àti mọ́tò sì kún òpópónà. Láàárín ọdún díẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere ti di ohun tí à ń fi bú ọmọ ẹni. Kódà a gba orúkọ lára rẹ̀: bí ẹ bá dúró ní Òkè-Àdó lónìí tí ẹ ní ẹ fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́, Màrúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò dúró fún yín.

Ẹ wo ọdún méjèèjì yẹn dáadáa. Ní 1975 ni àwa bẹ̀rẹ̀ sí í ju kẹ̀kẹ́ wa sí ààtàn. Ní 1976 ni àwọn tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣà lórí ààtàn díje lórí òkè. Irú irin kan náà ni, irú ọ̀nà eléruku kan náà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kẹ̀kẹ́ kó ìtìjú bá wọn. Ṣé ohun tí a fi ọwọ́ ara wa jù nù ni a ó máa pè ní ti ẹni tó he é?

Àwọn kan á ní ilẹ̀ wa kò gbà á, òkè pọ̀ jù. Mo máa ń bi irú wọn pé, "Níbo lẹ ń gbé?" Òkè-Àdó. Òkè-Bọ́lá. Òkè-Fóko. Òkè-Àrẹ. Ìlú tí ìdajì orúkọ àdúgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Òkè, ni yóò sọ pé òkè kì í ṣe tòun! Òkè Élancourt tí wọ́n ti ṣe Òlíńpíìkì, òun ló ga jù lọ ní gbogbo agbègbè Paris, mítà 231 ló sì fi ga ju ojú òkun lọ. Ọwọ́ ènìyàn ló kó o jọ: ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n sì da pàǹtírí lé e títí ó fi di òkè. Òkè tí Elédùmarè fúnra rẹ̀ tẹ́ la àárín Ìbàdàn já, èyí tí Màpó àti Àrẹ wà lórí rẹ̀, dé mítà 275 níbi tó ga jù. Wọ́n kó ààtàn jọ kí wọ́n lè ní òkè. Àwa ní òkè, à ń da ààtàn sí i. Ẹ̀bá-Ọ̀dàn sì ni wọ́n sọ ìlú yìí, ibi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn; kò sí ilẹ̀ tó yẹ kẹ̀kẹ́ ju ibi tí igi ti ń ṣíji fún ọ̀nà tó gbẹ.

Rwanda kò sá fún òkè rẹ̀. Ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún òkè ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ọmọ ibẹ̀, Adrien Niyonshuti, tí ìpakúpa 1994 kó àwọn ẹbí rẹ̀ lọ, ló gbé àsíá orílẹ̀-èdè náà wọ Òlíńpíìkì London ní 2012, eré kẹ̀kẹ́ orí òkè yìí gan-an ló sì lọ ṣe. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, gbogbo àgbáyé kó kẹ̀kẹ́ lọ sí Kigali fún ìdíje àgbáyé ti ojú títì, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn dúdú ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ṣé ẹnikẹ́ni gbé wọn lọ sí Arò?

"Oúnjẹ là ń wá, kì í ṣe eré." N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi ti fi wákàtí méjì dúró lórí ẹsẹ̀, ó san owó, ó ń wo Arsenal. Ní Òkè-Àdó tiwa yìí ni wọ́n ti ṣí Liberty Stadium ní 1960, tí Dick Tiger sì ti na Gene Fullmer ní 1963 nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún adé àgbáyé, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ àwọn dúdú Áfíríkà. Ìran tó kọ́ pápá yẹn kò tíì rí owó tó tó wa. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń wá oúnjẹ náà ń ṣeré.

Ọ̀rọ̀ ajínigbé ló wúwo, ẹ jẹ́ ká dúró tì í. N kò ní sọ pé kò sí ewu. Ará Ìbàdàn wo ló gbàgbé Ṣọ́kà? Ní oṣù Kẹta 2014 ni àṣírí igbó yẹn tú: ènìyàn tí wọ́n so mọ́lẹ̀, egungun, aṣọ àwọn tí kò padà sílé mọ́. Gbogbo ìlú ké. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tí a kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe òun ló yẹ ká kọ́. A ní, "Ẹ rí i, ẹ má wọgbó mọ́." Ṣé igbó àìkọ̀ ni Ṣọ́kà? Inú ìlú ni. Ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti pa tì ni, ilé òfìfo láàárín koríko, tí gbogbo wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nínú mọ́tò, tí kò sí ẹni tó ń yà síbẹ̀. Ta ló wá tú àṣírí rẹ̀? Àwọn ọlọ́kadà ni. Wọ́n ń wá ẹgbẹ́ wọn tó sọnù, wọ́n sì tọ ipa rẹ̀ wọ inú koríko tí ọlọ́mọ́tò kò lè wọ̀. Ẹni tó ń fi táyà méjì rìn ló rí ohun tí ọlọ́yẹ́ kò rí. Igbó tí adẹ́mu ń gbà kọjá láàárọ̀, tí ọdẹ ń gbà kọjá lálẹ́, tí àwọn ọmọ kẹ̀kẹ́ ń gbà kọjá lọ́sàn-án Sátidé, àyè wo ni ajínigbé yóò rí níbẹ̀? A fi igbó sílẹ̀ fún wọn ni wọ́n fi gbà á. Tí a bá sì tún sá sẹ́yìn, wọ́n á tẹ̀ lé wa dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti ń tẹ̀ lé wa bọ̀.

Ẹ lọ wo ọgbà IITA lọ́nà Mọ́níyà. Láti 1967 ló ti wà níbẹ̀, hẹ́kítà 1,000, igbó sì gba nǹkan bí 350 nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń rìn nínú igbó yẹn, wọ́n ń wo ẹyẹ, wọ́n ń padà sílé. Ìbàdàn náà ni, kì í ṣe Faransé. Ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé ẹnì kan ń tọ́jú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń lò ó.

Nípa ti ọ̀rọ̀ pé igbó kì í ṣe ibi eré, ìwé tí gbogbo wa kà nílé-ẹ̀kọ́ ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Ìtàn ẹni tó wọ igbó ni. Àwa tí a fi ìwé yẹn tọ́ ọmọ dàgbà kò lè wá sọ pé Yorùbá kì í wọ igbó fún ohun tó ju iṣu lọ.

Ọ̀nà Faransé pàápàá tí wọ́n ní ó ti tẹ́jú, ta ló tẹ́ ẹ? Nínú igbó Fontainebleau, nítòsí Paris, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Denecourt ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà búlúù sàmì sára igi àti àpáta ní nǹkan bí ọdún 1842, kí ẹlẹ́sẹ̀ má baà sọnù. Ọ̀dà àti ẹsẹ̀ ni, ó tán. Lónìí, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ wọgbó nílẹ̀ Faransé ń tẹ̀ lé àmì tí àwọ̀ rẹ̀ ń sọ bí ọ̀nà ṣe le tó: àwọ̀ ewé, búlúù, pupa, dúdú. Ohun tí wọ́n fi lé wa kò ju àmì ara igi lọ. Ọ̀nà fúnra rẹ̀, àwa ti ní i. Àgbẹ̀ la á, ọdẹ la á, adẹ́mu tẹ̀ ẹ́ le.

Ohun tí ọ̀rọ̀ "eré òyìnbó" yìí ń ná wa, mo rí i nínú ìdíje Paris yẹn kan náà. Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà, dé ibẹ̀ fún eré kẹ̀kẹ́. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún eré inú gbọ̀ngàn nígbà tí àkókò ti lọ, kò sì ní kẹ̀kẹ́ tó yẹ. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn. Ó gùn ún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba. Orílẹ̀-èdè tí adẹ́mu rẹ̀ ń gun irin nínú ẹrẹ̀ láìda ẹmu sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó! Bí ilé bá ti sọ pé ohun kan kì í ṣe tiwa, ta ni yóò rà á fún ọmọ?

Mo ń sọ ọ́ báyìí, n kò sì fi omi là á. Gígun kẹ̀kẹ́ nínú igbó kì í ṣe eré òyìnbó, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bàbá wa ni, òyìnbó bá a lọ́wọ́ wa láìmọ̀. Igbó ìjọba tó wà ní Gámbàrí, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí igi tíìkì ti tò lọ súà, kí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣí ọ̀nà ibẹ̀ fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí i, kí wọ́n fi àwọn ọdẹ ṣọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti gbogbo Nàìjíríà wà ní Jẹ́ríkò níbí, kò jìnnà sí wa. Kí ìpínlẹ̀ pè wọ́n sí i. Kí tíṣà kó ọmọ lọ síbẹ̀. Kí àwọn obìnrin lọ. Kí ẹni tó ní mọ́tò mẹ́ta gbé wọn sílé, kó gun kẹ̀kẹ́ lọ, kó padà wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní ṣòkòtò, kó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ yẹn kọjá lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kó sì lu agogo.